Ogójì Ọjọ́ Ọ̀gá Pampulov

Ẹ fìdí mọ́ àga dáadáa, nítorí ọ̀rọ̀ Evlogi Pampulov kì í ṣe ohun tí èèyàn ń gbọ́ lórí ìdúró. Bí ẹ̀rín bá ń gbọ̀n yín lẹ́nu tẹ́lẹ̀, ẹ má tíì rín in tán, ẹ ó rí ibi tí ẹ máa lò ó sí.

Ojú irin abẹ́ ilẹ̀ méjì ló wà ní ìlú wa. Ọ̀kan pupa, èkejì búlúù. Pupa ló ń kó wa láti àwọn ilé alájà gíga tí a ń gbé lẹ́yìn odi. Búlúù ló ń lọ síbi tí nǹkan wà: ilé ìwòsàn ńlá, yunifásítì, ilé ẹjọ́. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn méjèèjì fi ń kọjá lára ara wọn láìkíra, bí orogún tó ń bínú. Ìgbà tó yá, wọ́n kọ́ ibùdókọ̀ Lipnitsa. Wọ́n mú pupa gba òkè níbẹ̀, wọ́n mú búlúù gba ìsàlẹ̀, wọ́n wá la ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan tó so wọ́n pọ̀, wọ́n sì fi lífítì sí ìparí rẹ̀. O bọ́ sílẹ̀ nínú ọ̀kan, o rin ọ̀dẹ̀dẹ̀, o wọ èkejì. Nǹkan tí ọmọ ọdún márùn-ún lè ṣe ni, àfi bí wọ́n bá lọ fi Pampulov ṣe olórí rẹ̀.

Wọ́n sì fi Pampulov ṣe olórí rẹ̀. Kò sí irú ipò bẹ́ẹ̀ rí láyé. Ọ̀rọ̀ ló pọ̀ jù lẹ́nu rẹ̀ ní ọ́fíìsì tó wà tẹ́lẹ̀, ni àwọn ọ̀gá rẹ̀ bá ní kí wọ́n gbé e lọ sísàlẹ̀ ilẹ̀ kí etí lè sinmi lókè. Wọ́n sọ ọ́ ní Ọ̀gá Pátápátá fún Ìpàdé Ojú Irin Méjèèjì. Bó ṣe gbọ́ orúkọ oyè yẹn, ó rán kóòtù tuntun, ó ní kí wọ́n fi kún gíga kọ́là rẹ̀ kí orí òun lè dúró dáadáa.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí ibùdókọ̀ náà, ó gorí pèpéle.

“Ẹ̀yin ará ìlú!” Ó dákẹ́ kí ohùn rẹ̀ lè lọ kó sì padà. “Kí èmi tó dé, kí ni abẹ́ ilẹ̀? Erùpẹ̀! Ekòló! Òkùnkùn! Àwọn baba ńlá yín gbẹ́lẹ̀, wọ́n fi sin òkú. Èmi Pampulov gbẹ́lẹ̀, mo fi sin ìyà yín!”

Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́ fún yín, ẹ̀yin òǹkàwé mi: ọkùnrin yìí kò gbẹ́ ihò tí wọ́n fi ń gbin ata rí. Àwọn òṣìṣẹ́ tó gbẹ́ ilẹ̀ náà dúró lẹ́yìn pátápátá nínú òtútù, kò sẹ́ni tó pe orúkọ wọn. Ó gé rìbọ́ọ̀nù ẹnu ọ̀nà, ó ní kí wọ́n so ó padà, ó tún gé e, torí pé ẹni tó ń yàwòrán ya ẹ̀gbẹ́ imú rẹ̀ tí kò dára. Nígbà tó wá dé ẹnu ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó na ọwọ́ sókè.

“Èyí,” ó ní, “èyí kì í ṣe fún ojú lásán. Olórí Ìjọba fúnra rẹ̀ ni yóò wá gé tibí.”

Ni wọ́n bá ta rìbọ́ọ̀nù pupa sí ẹnu ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n kan pátákó wúrà sókè rẹ̀, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé Ọ̀DẸ̀DẸ̀ EVLOGI PAMPULOV, wọ́n sì gbé ẹ̀ṣọ́ kan tó ń jẹ́ Gancho jókòó tì í. Ọ́fíìsì Olórí Ìjọba ní àwọn ti gbọ́, àwọn máa rí sí i. Ẹ mọ ìtumọ̀ ìyẹn. Mo fẹ́ kó yé yín pé kì í ṣe pé ọ̀dẹ̀dẹ̀ kò tíì parí. Iná ń tàn níbẹ̀ tọ̀sán-tòru. Lífítì ń lọ sókè sódò lófìfo. Aṣọ tó fẹ̀ tó ìka mẹ́ta péré ló dí ọ̀nà mọ́ gbogbo ìlú.

Àwa wá ń ṣe báyìí: a bọ́ nínú pupa, a gun àtẹ̀gùn jáde sínú yìnyín, a fi ẹ̀mí wa wewu láàárín mọ́tò, a kọjá títì, a tún sọ̀kalẹ̀ àtẹ̀gùn òkúta lọ bá búlúù. Àgbàlagbà ń yọ̀ ṣubú, aboyún ń ṣépè. Gancho jókòó lẹ́yìn rìbọ́ọ̀nù, ó ń jẹ àkàrà oníwàràkàṣì tí à ń pè ní bánítsà, ó ń wo ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó mọ́ tónítóní.

Ìsàlẹ̀ ibẹ̀ wá di ààfin. Láràárọ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́ máa ń tò sí ìdí àtẹ̀gùn tó ń rìn fúnra rẹ̀. Pampulov á dúró lórí rẹ̀, agbọ̀n rẹ̀ sókè, àtẹ̀gùn á máa gbé e bọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, wọ́n á máa pàtẹ́wọ́ títí ẹsẹ̀ rẹ̀ á fi kan ilẹ̀. Kutsarov, igbákejì rẹ̀, ló máa ń dáwọ́ dúró kẹ́yìn. Lọ́jọ́ kan, àtẹ̀gùn náà kú ní àárín. Ẹnikẹ́ni tó ní ẹsẹ̀ ì bá rìn sọ̀kalẹ̀. Pampulov ní rárá.

“Ọ̀gá kì í rìn lórí ohun tó yẹ kó gbé e!” ó pariwo láti òkè.

Ó dúró síbẹ̀ bí ère. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ kò sì lè dáwọ́ dúró, nítorí òfin ni pé ìgbà tó bá gúnlẹ̀ ni àtẹ́wọ́ ń tán. Wọ́n pàtẹ́wọ́ títí tí àtẹ́lẹwọ́ wọn fi wú, títí tí ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ṣe fi ti ìpẹ̀kun ìlú dé. Pampulov wá sọ̀kalẹ̀, ó ní òun kò gbọ́ àtẹ́wọ́ tó dùn tó báyìí rí.

Òfin kejì ni pé kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fi “ṣùgbọ́n” bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ níwájú rẹ̀. Ẹnjiníà kan sọ fún un pé, “Ṣùgbọ́n sà, pátákó yín wọ́ sí apá kan.” Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń fọ ọkọ̀ ojú irin níta gbangba. Omi ń dì lórí ìbọ̀wọ́ rẹ̀. Láti ìgbà náà, ohun gbogbo tí Pampulov bá sọ, “Ó dára ju bó ṣe yẹ lọ, sà,” ni Kutsarov ń dá a lóhùn.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká fi ẹ̀rín sílẹ̀ díẹ̀. Obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Nevyana. Aṣọ ló ń rán. Ìyá rẹ̀, Ìyá Stamena, kò lè fi ẹsẹ̀ rìn mọ́, orí àga oníkẹ̀kẹ́ ló wà, kíndìnrín rẹ̀ méjèèjì sì ti daṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀rọ ilé ìwòsàn ló ń bá a fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ìgbà mẹ́ta lọ́sẹ̀. Ẹ̀rọ náà kò pọ̀. Bí o bá pẹ́, wọ́n á gbé ẹlòmíràn sí ààyè rẹ, wọ́n á ní kí o padà wá lọ́jọ́ mìíràn, tí ọjọ́ mìíràn bá bá ọ láyé. Lífítì kan ṣoṣo tó dé ojú irin búlúù, inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ Pampulov ló wà. Láti títì, àtẹ̀gùn òkúta nìkan ni, Nevyana á sì dúró lórí yìnyín, á máa bẹ àwọn ọkùnrin tó ń kọjá pé kí wọ́n bá òun gbé ìyá òun sọ̀kalẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ààyè ìyá rẹ̀ ti bọ́. Nígbà kejì, ẹsẹ̀ ìyá náà wú bí ìrọ̀rí, kò lè fẹ̀yìn lélẹ̀ kó mí.

Nevyana gba ọ́fíìsì Pampulov lọ.

“Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ ṣàánú mi. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn nìkan ni. Kí n kàn máa ti ìyá mi gba ibẹ̀ kọjá.”

Pampulov wo òkè àjà. “Ìyá rẹ. Ta ni ìyá rẹ nínú ìtàn ìlú yìí?”

“Ìyá mi ni, sà.”

“Ìyá rẹ̀ ni, ó ní!” Kutsarov rẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mú.

“Madam,” Pampulov ní, “bí ẹsẹ̀ ìyá rẹ bá kọ́kọ́ tẹ ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, kí ni a fẹ́ kí ẹsẹ̀ Olórí Ìjọba wá tẹ̀? Àjẹkù?”

“Ìyá mi kò lè fi ẹsẹ̀ tẹ nǹkan kan, sà. Orí àga oníkẹ̀kẹ́ ló wà.”

“Táyà!” Pampulov dìde dúró. “Ó tún wá fẹ́ gbé táyà gba orí mábù mi!”

Omi bọ́ lójú Nevyana. “Ẹ gbọ́ mi, sà. Tí ìyá mi bá kú, rìbọ́ọ̀nù yín ló pa á.”

“Ìyá rẹ á ní sùúrù. Ohun tó bá lọ́lá kì í kánjú.” Ó sì fi ọwọ́ ṣe bí ẹni ń lé eṣinṣin.

Inú mi ń ru bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí. Ẹ jẹ́ ká máa lọ.

Olórí Ìjọba kò wá. Yìnyín ń pọ̀ sí i, èpè ń pọ̀ sí i. Pampulov wá rò ó pé àìmoore ló ń ṣe ará ìlú, pé ó yẹ kí òun rán wọn létí oore tí òun ṣe. Ọjọ́ tó máa pé ogójì tí wọ́n ṣí ibùdókọ̀ ti súnmọ́lé.

“Kutsarov,” ó ní, “ogójì ọjọ́ ni òjò Nóà. Ogójì ọjọ́ ni Mósè lórí òkè. Ogójì ọjọ́ ni Olúwa wa nínú aginjù. Ogójì ọjọ́ wá ni Pampulov!”

“Ó dára ju bó ṣe yẹ lọ, sà.”

“Àwòrán mi ni kí ẹ lẹ̀ mọ́ gbogbo ògiri. Mi ò fẹ́ àwọ̀ o! Àwọ̀ wà fún àwọn tó ń ta ọṣẹ. Dúdú àti funfun. N kò ní rẹ́rìn-ín níbẹ̀, ta ló rí ọba tó ń yọ eyín? Kí ẹ fi ìlà dúdú tó nípọn yí mi ká, kí ojú èèyàn má baà yẹ̀ kúrò lára mi. Orúkọ mi, gàdàgbà. Lábẹ́ rẹ̀: OGÓJÌ ỌJỌ́. ÌLÚ KÒ NÍ GBÀGBÉ RẸ̀ LÁÉLÁÉ.”

Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé ọ̀dọ̀ wa rí ti dorí mú. Ní ìlú wa, bí èèyàn bá kú, ìwé ló ń lọ sí ara ilẹ̀kùn ilé rẹ̀, sí ara òpó iná, sí ara igi tó wà níbùdókọ̀. Àwòrán dúdú àti funfun, ìlà dúdú yí i ká, orúkọ gàdàgbà. Tó bá pé ogójì ọjọ́, òmíràn á tún lọ sókè. O ń lọ ra búrẹ́dì, o rí i pé dókítà eyín rẹ ti lọ. Ojú wa ti mọ́ ọn débi pé bí a bá ti rí ìlà dúdú, ọwọ́ ti ń ṣí fìlà kí a tó ka orúkọ. Pampulov fúnra rẹ̀ ti lẹ ti bàbá rẹ̀ rí. Ẹ lè máa bi mí pé, ṣé kò wá rí i ni? Kò rí i. Bí ọkùnrin yẹn bá ń wo àwòrán ara rẹ̀, kò sí nǹkan mìíràn tí ojú rẹ̀ tún ń rí.

Kutsarov gbé àwòrán náà lọ bá Madam Yordanka, tó ń tẹ ìwé lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì.

“Ta ni?” Yordanka bi í.

“Ọ̀gá wa ni.”

“Hẹn-ẹ̀n. Kí Ọlọ́run dárí jì í. Ogójì ọjọ́ ti yára pé báyìí?”

“Ó ti pé.”

Obìnrin náà mí kanlẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ tó ti mọ́ iṣẹ́ sì fi àgbélébùú kékeré kan sókè orí Pampulov. Kutsarov wo àgbélébùú náà. Ó la ẹnu. Ó rántí ẹnjiníà tó wà nínú omi dídì, ó pa ẹnu dé. Kí n má parọ́ mọ́ ọn, ó tún rántí pé àga ọ̀gá rọ̀ ju tòun lọ.

Nígbà tí ilẹ̀ máa fi mọ́ lọ́jọ́ kejì, Pampulov wà lára gbogbo òpó iná. Àwọn obìnrin méjì tó ń bọ̀ láti ibi tí wọ́n ti ra búrẹ́dì dúró níwájú ọ̀kan.

“Yéè! Pampulov kú?”

“Ó ti pé ogójì ọjọ́, ṣé o ò kà á ni?”

“Irọ́ o! Mo rí i lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ń jágbe mọ́ àwọn agbálẹ̀.”

“Ẹ̀mí rẹ̀ nìyẹn. Ṣebí ogójì ọjọ́ ni ẹ̀mí fi ń rìn káàkiri ibi tó ti ṣiṣẹ́ kó tó lọ? Òní ló ń lọ.”

“Abájọ! Mo kí i, kò dáhùn.”

“Ìgbà tó wà láyé ńkọ́, ó dáhùn rí?”

Bí ọ̀rọ̀ ṣe wọ gbogbo àdúgbò nìyẹn. Ẹni tó rí i lánàá ní ẹ̀mí ni òun rí. Ẹni tó gba ìwé ìlélọ lọ́wọ́ rẹ̀ níjẹta ní òtútù kan mú òun lójijì lọ́jọ́ náà, àṣé òkú ló ń lé òun lẹ́nu iṣẹ́. A kì í bú òkú lọ́dọ̀ wa. Àwọn tó ti ṣépè fún un títí dé orí àtẹ̀gùn lọ gbé ìkòkò kaná, wọ́n se àlìkámà, wọ́n da ṣúgà àti àsálà lé e, bí a ti ń ṣe é fún òkú. Wọ́n ra òdòdó méjì-méjì, nítorí alààyè ló ni òǹkà tó ṣẹ́kù kan, bí mẹ́ta tàbí márùn-ún. Wọ́n gbé àbẹ́là, wọ́n kó gbogbo rẹ̀ wá sí ẹnu ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí orúkọ rẹ̀ wà. Gancho ẹ̀ṣọ́ rí wọn, ó ká bánítsà rẹ̀ mọ́ inú ìwé, ó ṣí fìlà.

Mẹ́yọ̀ ìlú wa, obìnrin tí kì í ṣeré, rí ìwé náà láti inú mọ́tò. Ìbò ti súnmọ́lé, òkú tó níyì kì í sì í ṣe ohun à-fi-ṣòfò. Ó pe ọ́fíìsì Pampulov. Kutsarov ló gbé fóònù.

“Ṣé òótọ́ ni?”

Kutsarov fa imú. “Madam, ẹ̀yin náà ti rí ìwé náà.”

Ẹ kíyè sí i pé kò parọ́.

Pampulov ńkọ́? Ó wà nílé agẹrun. Ó ti pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má pe òun láàárọ̀ yẹn, torí ó ń kọ́ ọ̀rọ̀ tó máa sọ níwájú dígí. Nígbà tó dé Lipnitsa, tó gun àtẹ̀gùn tó ń rìn, kò sí ẹnì kan nísàlẹ̀ tó ń pàtẹ́wọ́. Inú bí i. Ó wá gbójú sókè, ó rí èrò rẹpẹtẹ ní ẹnu ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó rí iná àbẹ́là, ó rí òdòdó. Ọkàn rẹ̀ wú. Ó ń tún kọ́là ṣe, ó ń súnmọ́ wọn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ni ohùn Kutsarov bá ta sí i létí: “Olóògbé ọ̀gá wa…”

Ó dúró. Ó wo àwòrán tó wà lára òpó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó rí àgbélébùú. Fún ìgbà àkọ́kọ́, gbogbo rẹ̀ yé e.

Ẹ̀yin tí orí yín pé, kí lẹ máa ṣe? Ẹ máa figbe ta. Ẹ máa ní “Mo wà láàyè o!” Ìyẹn ì bá gbà á là, gbogbo èèyàn ì bá rẹ́rìn-ín, wọ́n ì bá jẹ àlìkámà lọ sílé. Ṣùgbọ́n Pampulov rọra fà sẹ́yìn òpó. Ó fẹ́ gbọ́.

“…òòrùn abẹ́ ilẹ̀ ni!” Kutsarov ń bá ọ̀rọ̀ lọ. “Òpó tí ayé dúró lé! Ọgbọ́n rẹ̀ jìn ju ojú irin búlúù lọ!”

Omi lé ròrò sójú Pampulov. Láyé rẹ̀, kò tíì sí ẹni tó yìn ín báyìí láìbẹ̀rù.

Agbálẹ̀ kan bọ́ síwájú, ìgbálẹ̀ lọ́wọ́. Ó ronú, ó tún ronú. “Kò bú mi ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lójúmọ́ rí,” ó ní. “Kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sáfẹ́fẹ́ rere.”

Pampulov mi orí lẹ́yìn òpó. Ó ń retí ẹni tó máa mẹ́nu ba kóòtù rẹ̀. Ó na ọrùn díẹ̀ kó lè gbọ́ dáadáa, ibẹ̀ ni ojú òun àti ti Kutsarov ti ṣe mẹ́rin. Kutsarov wò ó lẹ́ẹ̀kan péré. Lẹ́yìn náà ló gbé ọwọ́ méjèèjì sókè.

“Ó ń wò wá báyìí!” ó kígbe. “Mo mọ̀ ọ́n lára!”

“Àmín!” gbogbo èrò dáhùn. Ẹ má bínú sí mi, Pampulov náà ṣe àmín.

Mẹ́yọ̀ wá bọ́ síwájú. “Ogójì ọjọ́!” ó ní. “Kutsarov, ta ló ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ láti ogójì ọjọ́?”

Kutsarov rò pé ọjọ́ oyè òun ti dé. Ó gbé àyà síta. “Iṣẹ́ kò dúró rárá, Madam! Ohun gbogbo ń lọ bó ṣe ń lọ!”

“Ẹnikẹ́ni ò mọ ìyàtọ̀?”

“Ẹyọ ẹnì kan kò mọ̀ ọ́n, Madam!”

“Ó dáa.” Mẹ́yọ̀ kọjú sí èrò. “Ẹ̀yin èèyàn mi, ọkùnrin kan kú fún ogójì ọjọ́, ọkọ̀ ń lọ, ọkọ̀ ń bọ̀. Nítorí náà, mo bọ̀wọ̀ fún un: ẹlòmíràn kò ní jókòó sí ipò yẹn mọ́ láé. Láti òní lọ, a sin ipò náà pẹ̀lú ẹni tó ni ín. Ẹ sì ṣí ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí ní ìrántí rẹ̀!”

Àtẹ́wọ́ ta, ó mi iná òkè. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n pàtẹ́wọ́ o. Ojú Kutsarov di eérú.

Nevyana wà níwájú. Ó ti bọ́ nínú pupa láàárọ̀ yẹn pẹ̀lú ìyá rẹ̀ tó ń lọ fọ ẹ̀jẹ̀, èrò dí wọn mọ́. Ara rẹ̀ kò lélẹ̀, ó ń wo aago lára ògiri, ó mọ̀ pé bí àwọn bá tún gba orí yìnyín, ààyè ti bọ́ lẹ́ẹ̀kẹta nìyẹn. Àwọn obìnrin ti gbé abọ́ àlìkámà kan lé ìyá rẹ̀ lórí itan. Gancho na ọwọ́, ó tú rìbọ́ọ̀nù bí ẹni tú okùn ewúrẹ́. Nevyana di àga mú, ó tì í.

“Ẹ DÚRÓ!”

Pampulov fò jáde lẹ́yìn òpó. Àbẹ́là bọ́ lọ́wọ́ ẹnì kan. “Ta ló ní kí ẹ tú u? Olórí Ìjọba kò tíì dé!”

Ẹ wò ó, ọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí dìde. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà láyé, ti rìbọ́ọ̀nù ló kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

“Jésù! Ẹ̀mí rẹ̀ rè é!” obìnrin kan kígbe.

“Ẹ̀mí wo?” èkejì dá a lóhùn. “Ẹ̀mí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fá irùngbọ̀n?”

Kutsarov ń wá ibi tí ilẹ̀ ti lè lanu gbé òun mì, ṣùgbọ́n abẹ́ ilẹ̀ ló ti wà tẹ́lẹ̀. Mẹ́yọ̀ nìkan ni ara rẹ̀ balẹ̀.

“Ọ̀gá Pampulov, ẹ kú àjíǹde.”

Ẹ̀rín bú.

“Mo wà láàyè!” Pampulov ní. “Ẹ gba ọ̀rọ̀ yín padà!”

“Inú mi dùn pé ẹ wà láàyè. Ẹ̀yin kọ́ lẹ kú, ipò yín ni. Mo ti sọ ọ́ níwájú èrò, wọ́n sì ti pàtẹ́wọ́. Bí ẹ bá fẹ́, ẹ bẹ̀ wọ́n.”

Pampulov yíjú sí wa. “Ẹ̀yin èèyàn mi! Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ sunkún mi!”

“A ti sunkún yín tán, sà,” agbálẹ̀ náà fèsì. “A kì í sunkún òkú kan lẹ́ẹ̀mejì.”

Ẹ rò pé ó máa lọ? Ẹnu ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣì kù fún un. Ó lọ dúró síwájú àga Ìyá Stamena, ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì láti ògiri dé ògiri, kóòtù rẹ̀ dí ọ̀nà pa. Ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún ni a ti ń gbọ́ ìró ọkọ̀ búlúù tó ń bọ̀.

“Ẹ yà, sà,” Nevyana ní. “Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Ààyè ìyá mi ń lọ.”

“Orúkọ ta ló wà lókè yẹn?” Pampulov ń mí hẹlẹhẹlẹ. “Mo ní orúkọ ta? Ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi ni! Kò sí táyà tó máa gba ibí kọjá!”

Nevyana ti fẹ́ fi àga kọ lu orúnkún rẹ̀, mo rí i lójú rẹ̀. Ìyá Stamena ló gbé ọwọ́ wúwú rẹ̀ sókè, ó dá ọmọ rẹ̀ dúró. Ó wo Pampulov láti ìsàlẹ̀ bí ìyá ṣe ń wo ọmọ tó ń fẹsẹ̀ halẹ̀.

“Ọmọ mi,” ó ní, “wọ́n ti pín in tán, ìwọ kò tíì jẹ. Gbà.”

Ó na abọ́ àlìkámà náà sí i.

Lọ́dọ̀ wa, a kì í kọ àlìkámà òkú. Kì í ṣe òfin ìjọba. Ọmọdé tí kò tíì mọ orúkọ ara rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n: bí àgbàlagbà bá na abọ́ yẹn sí ọ, ọwọ́ méjèèjì lo fi ń gbà á, wàá tẹrí ba, wàá ní kí Ọlọ́run dárí jì í. Ìyá tó bí Pampulov ti gbá a lọ́wọ́ nítorí rẹ̀ ní kékeré. Ọwọ́ rẹ̀ kò dúró bi í. Ó bọ́ kúrò lára ògiri fúnra rẹ̀, méjèèjì, ó sì gba abọ́ náà.

“Kí Ọlọ́run dárí jì í,” Pampulov ní, orí rẹ̀ wálẹ̀.

Bí ọwọ́ ṣe kúrò lára ògiri, Nevyana gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Táyà àga náà dún lórí mábù. Gancho tẹ̀ lé e, agbálẹ̀ tẹ̀ lé Gancho, gbogbo wa sì tẹ̀ lé wọn, èrò tó ti ń gun yìnyín láti ogójì ọjọ́. Olúkúlùkù tó bá dé ọ̀dọ̀ Pampulov ń sọ ohun tí a ń sọ, “Kí Ọlọ́run dárí jì í,” láìrẹ́rìn-ín, ó sì ń dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan pé “Àmín, ẹ ṣé,” torí kò mọ ohun mìíràn tí èèyàn ń sọ bí abọ́ yẹn bá wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Nevyana kò bojú wẹ̀yìn. Lífítì gbé wọn sọ̀kalẹ̀, ọkọ̀ búlúù ń ṣílẹ̀kùn bí wọ́n ṣe ń jáde. Nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú ẹ̀rọ ilé ìwòsàn rí wọn lẹ́nu ọ̀nà, ó wo aago.

“Ìyá Stamena! Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ dé lónìí? Kí ló ṣẹlẹ̀?”

“Ọkùnrin kan ló kú,” Ìyá Stamena ní. Ó ti ń ká apá aṣọ rẹ̀ sókè.

“Ó mà ṣe o. Ẹbí yín ni?”

“Rárá o. Kò tilẹ̀ kú délẹ̀,” ìyá náà ní, ó sì na apá rẹ̀ fún un. “Ṣùgbọ́n ìwọ̀nba tó kú yẹn ti tó wa.”